Òtútù Ọjọ́ Mẹ́ta

Ó ti tó ogún ọdún tí Onífíríìjì ti ń tún fíríìjì àwọn èèyàn ṣe, kò sì gbọ́ ọ rí pé òtútù ń wo ọmọ sàn. Ẹran là ń gbé sí òtútù. Omi là ń gbé sí òtútù. Èwo wá ni ti ọmọ tuntun?

Àkọ́bí ẹ̀ sì nìyẹn, tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì tí omi tútù ń yí po nínú ẹ̀, tòun ti nápíkìn nìkan. Ìwọ́ ló lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn kí wọ́n tó bí i láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àpò rọ́bà ni wọ́n fi ń tẹ afẹ́fẹ́ sí i nímú kó tó mí. Ó ti ń mí, àmọ́ kò tíì ké. Ìyàwó Onífíríìjì wà ní wọ́ọ̀dù kejì, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ẹ̀jẹ̀ ríru ò sì jẹ́ kó lè dìde. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi ọkọ ẹ̀ lórí fóònù: "Báwo ni ohùn ẹ̀ ṣe rí?" Ó ní òun máa sọ fún un tó bá yá, ó wá kọjú sí nọ́ọ̀sì.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, dígírì mélòó lẹ gbé e sí?"

"Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àtààbọ̀."

"Kí ló dé tí kì í ṣe ọgbọ̀n?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Bàbá ọmọ, ṣé ẹ fẹ́ gbaṣẹ́ mi ni? Tó bá tutù jù, ọkàn ẹ̀ á dààmú. Afẹ́fẹ́ ò dé ọpọlọ ẹ̀ tó. Bó ti mí tán yìí náà, ìpalára yẹn ṣì lè máa ràn, bí iná tó ń jó lábẹ́ eérú. Òtútù ló ń dá a dúró. A gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kí ọmọ tó pé wákàtí mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko la sì máa fi ṣe é."

"Ẹ̀rọ tó ń fa omi yẹn dà?" Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọjú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má jẹ́ n tàn yín o, ẹ̀rù ló ń fi ìbéèrè lé.

Ìyá ìyàwó ẹ̀ ní tiẹ̀ ò rí nǹkan kan tó dáa níbẹ̀. Fìlà òwú tó fọwọ́ ara ẹ̀ hun wà nínú báàgì ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bí nọ́ọ̀sì ṣe yíjú báyìí, wéré, ó ti dé e fún ọmọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń han gooro. Nọ́ọ̀sì sáré dé, ó ṣí fìlà.

"Màmá!"

"Ọwọ́ ọmọ tutù!" Màmá bú sẹ́kún. "Ṣé kí n máa wò ó níran ni?"

"Mọ́mì, ẹ má bínú," ni Onífíríìjì wí. "Téèyàn bá ń ṣílẹ̀kùn fíríìjì ṣáá, ṣé omi inú ẹ̀ lè dì?"

"Ọmọ ọmọ mi kì í ṣe fíríìjì!"

"Òótọ́ ni, mà."

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé, nọ́ọ̀sì ní ó tó àkókò láti dá ooru padà.

"Ṣé ẹ kàn máa paná ẹ̀ ni?"

"Ká má rí i! Ààbọ̀ dígírì ní wákàtí kan."

"Bó ṣe yẹ nìyẹn! Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa…" Ó yára gbé ìyókù òwe náà mì. Ta ló máa sọ irú ẹ̀ lójú àna? Màmá ti gbọ́, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa á.

Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Márùndínlógójì. Onífíríìjì tẹ́tí bó ṣe máa ń tẹ́tí sí ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Ní mẹ́rìndínlógójì, ọmọ fajú ro, ó lanu, kò sí nǹkan kan. Ó tún lanu. Ohùn kan tó há jáde. Lẹ́yìn náà ó figbe ta!

"Òtútù ló ń mú un!" Màmá pariwo. "Ṣebí mo sọ!"

"Ẹ mú fìlà yẹn wá, Màmá," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó ti tó dé báyìí."

Onífíríìjì ti pe ìyàwó ẹ̀. Ó kàn gbé fóònù sún mọ́ ẹnu ọmọ.

"Ọmọ ta ló ń ké báyẹn?" ni ìyàwó ẹ̀ bi í.

"Ìwọ náà lo ní kí n sọ bóhùn ẹ̀ ṣe rí."