Ọjọ́ tí Wọ́n Wá Ka Nọ́ọ̀sì ní Abà Ṣàngówùmí

Ọdún méjì gbáko ni ilé ìwòsàn Abà Ṣàngówùmí ti wà láìní nọ́ọ̀sì. Olúkẹ́mi, nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, ti ré òkun lọ. Èmi Lois tí mò ń gbálẹ̀ ibẹ̀ nìkan ló kù. Nígbà tí a gbọ́ pé ìjọba ń rán èèyàn kiri láti mọ abà tí kò ní òṣìṣẹ́ ìlera, kí wọ́n lè fún wọn ní nọ́ọ̀sì, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Oyún Èyítáyọ̀ ọmọ mi ti wọ oṣù keje. Nọ́ọ̀sì ni mò ń tọrọ, kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ tó pé.

Àmọ́ Baálẹ̀ wa, Bàbá Ògúnkọ̀yà, kì í gba àlejò ní wúruwùru. Wọ́n ní ká kun ògiri. Wọ́n ní kí n wọ aṣọ funfun tí Olúkẹ́mi fi sílẹ̀.

"Bàbá, èmi kọ́ ni nọ́ọ̀sì."

"Ta ló ní ìwọ ni? Ṣá jókòó síbẹ̀. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ta ni yóò gbé nọ́ọ̀sì wá fún ahoro?"

Ọmọbìnrin tí wọ́n rán, Azeezat, gun ọ̀kadà wá láti Òṣíẹ̀lẹ̀, eruku bò ó dé ìpéǹpéjú. Ó kúnlẹ̀ kí Baálẹ̀, ó yọjú sínú ilé ìwòsàn, ó rí mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbí?"

Baálẹ̀ ti dáhùn kí n tó lanu. "Òun ló ń tọ́jú wa. Ọwọ́ ẹ̀ tutù! Bó bá gúnni lábẹ́rẹ́, oorun ní í gbéni lọ."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. A kì í já àgbà nírọ́ lójú àlejò. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Mo wo ìka Azeezat lórí fóònù. Ó tẹ ọ̀kan síbi tí wọ́n ti ń béèrè iye nọ́ọ̀sì.

Mo ní, "O ṣé, ọmọ mi."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, kánsẹ́lọ̀ ka orúkọ àwọn abà tí yóò gba nọ́ọ̀sì. Kò dárúkọ wa.

Ọjọ́ Sátidé ni Èyítáyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. A ò tíì dé ilé ìwòsàn Òṣíẹ̀lẹ̀ tó fi bímọ sẹ́bàá ọ̀nà. Bó ṣe ń rọbí, mò ń fi oríkì rẹ̀ kì í: "Àjíkẹ́ mi, ọmọ abẹ́ àpáta tí òjò ò pa." Mo gba ọmọ náà. Ọkùnrin ni. Kò ké. Mo gbá a nídìí, mo ka gbogbo Sáàmù tí mo mọ̀. Kò ké.

Baálẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n jókòó.

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Àmín, Bàbá." Mo ṣe àmín náà bí ẹni ń kí èrò ọ̀nà.

Baálẹ̀ ṣí fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orúnkún. "Ṣé wọ́n á tún padà wá kà wá?"

"Wọ́n ní ó di ọdún méjì."

"Bí wọ́n bá dé, kí la ó ní kí wọ́n kọ?"

"Òdo, Bàbá."

Wọ́n mi orí. Mo dìde, mo lọ gbé omi gbígbóná fún ọmọ mi.