Gbígbóná Ló Ń Ṣáájú

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé erékùṣù náà, ebi ni Ìyáálé àti Ìyàwó gbé sùn. Kì í ṣe pé oúnjẹ ò sí. Oúnjẹ wà bí iyanrìn. Wọ́n tò ó sórí tábìlì gbọọrọ kan nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, ẹja yíyan, ìrẹsì, adìyẹ, èso tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, kí oníkálukú gbé àwo lọ bu èyí tó bá wù ú.

Ìyáálé jókòó, ó ń retí kí Ìyàwó lọ bu oúnjẹ wá fún òun, bó ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ wọn. Ìyàwó náà jókòó. Ó ti búra nínú ọkọ̀ ojú omi pé níbi ìsinmi yìí, òun ò ní bu oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò lè ṣáájú ìyáálé rẹ̀ dé ìdí oúnjẹ, torí àgbà ní ń ṣáájú. Wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń wo tábìlì, títí àwọn agbáwo fi palẹ̀ mọ́.

"Oúnjẹ wọn ò tiẹ̀ wu ni jẹ," ni Ìyáálé wí.

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà," ni Ìyàwó dáhùn.

Bisikíìtì tó kù nínú báàgì ni wọ́n fi mu omi. Nígbà tó di àárọ̀, Ìyàwó gbé àwo méjì, ó lọ bu oúnjẹ. Ebi kì í jẹ́ kí ìbúra pẹ́.

Àwọn ọmọ wọn ló rán wọn wá. Ọkọ wọn ti kú, àwọn méjèèjì sì ti fa ilé búrẹ́dì tí wọ́n jọ ń ṣe lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ni àwọn ọmọ bá ní kí ìyá àwọn méjèèjì bá ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà kan rìnrìn àjò afẹ́. Ìyàwó ti ní ọmọ-ọmọ, orí rẹ̀ ti funfun bí ìyẹ̀fun, síbẹ̀ "Ìyàwó" ni ìyáálé rẹ̀ ṣì ń pè é.

Nínú ilé búrẹ́dì náà, iwájú ni Ìyáálé máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí wọ́n ti ń tajà. Ó ń rí òde. Ó ń rí ẹni tó ń kọjá, ó ń mọ ẹni tó lóyún àti ẹni tó ra bàtà tuntun. Ẹ̀yìn ni Ìyàwó ń wà, nídìí ààrò. Ògiri ló ń wò. Ó lé lógójì ọdún tó fi wo ògiri dúdú kan, ó mọ gbogbo ibi tó ti sán. Kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ fi àwòrán erékùṣù náà hàn án, ó rí ilé oúnjẹ kan lórí òkè, òpó àti òrùlé lásán, tí òkun yí ká. Ó fi ìka kàn án.

"Ibí yìí ni mo fẹ́ ti jẹun," ló wí. "Lẹ́ẹ̀kan péré. Ibi yòókù, ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ mú mi lọ."

Wọ́n sì mú wọn lọ síbi púpọ̀. Wọ́n rí ọgbà òdòdó. Wọ́n rí àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi àgbọn. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, ẹja ń lọ, ẹja ń bọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Ẹ wò wọ́n," ni Ìyáálé wí. "Wọ́n ń ṣeré. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n wọn la jẹ lánàá."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òkè yẹn ló ń wò lọ́ọ̀ọ́kán.

Ọjọ́ òkè pé. Ọmọbìnrin tó ń fi wọ́n mọ̀nà kó gbogbo wọn jọ sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Ẹ̀yin màmá, ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ o. Àwọn tó jọ ń sùn ní yàrá kan ni yóò jọ gòkè. Bí ẹnìkejì yín bá ní òun ò lọ, kẹ́ ẹ dúró tì í. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá nìkan wà, yálà lókè tàbí nísàlẹ̀. Ọ̀la la sì ń lọ sílé, kò sí ọjọ́ mìíràn."

Ìyáálé fọwọ́ gbá ẹsẹ̀. "Orúnkún ń dùn mí."

Ìyàwó wò ó. Lánàá, nígbà tí ọkọ̀ onígíláàsì fẹ́ gbéra, orúnkún yìí kan náà ló gbé e kọjá gbogbo èèyàn kó lè jókòó síwájú. Ó wo àtẹ̀gùn. Ara àpáta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, ó tóóró, ẹnì kan kì í gba ẹ̀gbẹ́ ẹnì kan kọjá níbẹ̀. Irin ìdìmú wà lápá kan, òkun wà nísàlẹ̀ lápá kejì. Ó wo ọwọ́ Ìyáálé. Ọwọ́ náà di báàgì mú bí ẹni di ọmọ mú lójú omi.

Ẹ̀rù ni. Kì í ṣe orúnkún rárá. Ẹni tó bá ṣáájú lórí àtẹ̀gùn yìí kò ní rí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni wò, òfurufú nìkan ni yóò máa wò. Àgbà ní ń ṣáájú. Ìyáálé ò lè sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, kò sì lè ní kí Ìyàwó ṣáájú òun. Ipò àgbà ti há a mọ́ ìsàlẹ̀ òkè.

Dírẹ́bà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà nínú ẹgbẹ́ wọn, oníkùn ńlá, ẹlẹ́nu mímú. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń kọjá lọ.

"Ẹ̀yin ìyá oníbúrẹ́dì, ṣé ẹ̀ ń dúró kí búrẹ́dì wú ni? Ẹ jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ yín, a ó bá yín gbé eegun ẹja bọ̀."

"Gbé ikùn rẹ dókè ná, kó o tó gbé eegun bọ̀," ni Ìyáálé wí.

Àmọ́ kò gbéra.

Ìyàwó kì í bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ìyáálé rẹ̀ ní tààrà. Bó bá fẹ́ aṣọ tuntun, aṣọ aládùúgbò ni yóò máa yìn. Bó bá fẹ́ sinmi, yóò ní ààrò ló ń fẹ́ sinmi. Bó ṣe ń gbé nínú ilé náà nìyẹn. Lọ́jọ́ yìí, kò rí àyípo kankan tó lè gbà dé orí òkè.

"Ìyáálé mi, mo fẹ́ gòkè."

"Mo ní orúnkún ń dùn mí."

"Mo gbọ́, mà. Mo fẹ́ gòkè. Ògiri ni mo ti ń wò látìgbà tí mo ti dé ilé yín."

Ìyáálé yíjú sí i. "Ta ló ní kó o máa wo ògiri?"

"Ààrò ni."

Ìyáálé ò bínú. Ó kàn ń wo àtẹ̀gùn.

Òfin kan wà nínú ilé búrẹ́dì wọn, kì í yẹ̀. Ẹni tó bá gbé páànù búrẹ́dì jáde láti inú ààrò, òun ló ń ṣáájú. Kò sí àgbà níbẹ̀, kò sí ọmọdé. Yóò kígbe "Gbígbóná!", ẹni tó bá wà lọ́nà yóò yà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo yóò sì tẹ̀ lé e láti bá a sọ páànù kalẹ̀. Ọkọ wọn pàápàá, tó máa ń yan bí àkùkọ káàkiri ilé, bó bá ti gbọ́ "Gbígbóná!", yóò lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ìyàwó gba báàgì lọ́wọ́ Ìyáálé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú àyà bí ẹni gbé páànù. Ó lanu.

"Gbígbóná! Gbígbóná ń bọ̀ o! Ẹ yà lọ́nà!"

Àwọn àgbà ọkùnrin méjì fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Ìyàwó gbé ẹsẹ̀ sórí àtẹ̀gùn. Kò wẹ̀yìn. Ó gbọ́ bàtà Ìyáálé lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ kan sì di ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mú gírígírí. Ẹsẹ̀ Ìyáálé ti gbéra kí orí rẹ̀ tó rántí láti kọ̀.

"Ẹ̀yìn mi ni kẹ́ ẹ máa wò, mà. Ẹ má wo omi."

"Ẹ̀yìn rẹ ti tóbi sí i."

"Ìrẹsì òtẹ́ẹ̀lì ni, mà."

Wọ́n gòkè, wọ́n tún gòkè. Atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ mọ́ wọn lára. Nígbà tí wọ́n dé ààbọ̀ ọ̀nà, ọwọ́ tó wà lẹ́yìn Ìyàwó fà á dúró.

"Ìyàwó." Ohùn Ìyáálé kéré. "Ẹ̀rù ń bà mí."

Ìyàwó ò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ wọn.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, mà."

"Kí lo wá ń lọ fún?"

"A kì í gbé páànù sílẹ̀ lójú ọ̀nà."

Ìyáálé fi orí kàn án lẹ́yìn bí àgbò. "Máa lọ nígbà náà. Yóò tutù."

Nígbà tí wọ́n yọ sí ibi ìsinmi kan, dírẹ́bà ni wọ́n bá nílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ìyàwó rẹ̀ ń fi fìlà fẹ́ ẹ.

"Dírẹ́bà!" ni Ìyáálé kígbe. "Ṣé epo ló tán ni, àbí táyà ló jò?"

Ìyàwó dírẹ́bà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ bá mi bi í, mà! Ó ní òun ó gbé mi pọ̀n dókè."

"Gbígbóná!" ni Ìyáálé tún ké, òun fúnra rẹ̀, dírẹ́bà sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kíá.

Bí wọ́n ṣe dókè nìyẹn.

Tábìlì kan ṣoṣo ló kù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ibẹ̀ sì ni ògiri kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ wà. Àga méjì ló wà nídìí rẹ̀. Ọ̀kan kọjú sí òkun, ìkejì kọjú sí ògiri. Ìyàwó ti ń lọ síbi ti ògiri, ara rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Ìyáálé ti jókòó síbẹ̀.

"Ìyáálé mi, ibi òkun ni tiyín."

"Mo ti rí òde tó. Jókòó."

Ìyàwó jókòó. Bí èèyàn bá ní òun fẹ́ ṣàpèjúwe òkun yẹn, irọ́ ni yóò pa kẹ́yìn. Omi ni. Ó pọ̀. Ó wà níwájú, ó wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì, kò sì sí ohun tó dí i. Ìyàwó wò ó títí ojú fi ta á. Nígbà tó wo iwájú rẹ̀, Ìyáálé ń fi ìka tọ ibi tí ògiri ti sán.

"Ẹni tó rẹ́ ògiri yìí ò mọṣẹ́," ni Ìyáálé wí. "Ṣé ohun tó o máa ń wò nìyí?"

"Òun ni, mà."

"Kò dáa."

Ìyàwó dìde. "Ẹ di apá ibẹ̀ yẹn mú, mà."

Wọ́n ti jọ gbé pátákó ìpòyẹ̀fun tó wúwo ju tábìlì yẹn lọ. Wọ́n gbé e, wọ́n yí i, wọ́n to àga méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Agbáwo sáré dé.

"Màmá, a kì í yí tábìlì níbí o!"

"A ti yí i," ni Ìyáálé wí. "Ẹja dà?"

Ẹja dé, odidi, ó ń hó lórí àwo. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n kọjú sí omi. Ẹnì kan ò bù fún ẹnì kan. Ẹnì kan ò dúró de ẹnì kan. Ọwọ́ méjèèjì wọ inú àwo lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu kan ò sì rojọ́.

Eegun ló kù nígbà tí dírẹ́bà gun àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyáálé ti àwo sí i.

"Eegun tó o ní wàá bá wa gbé rèé. Rọra gbé e o."

Ó dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ró, ó sì gba báàgì lọ́wọ́ Ìyàwó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú àyà, ó kọjú sí àtẹ̀gùn tó lọ sísàlẹ̀, ibi tí òkun ti ń dán.

"Gbígbóná!" ló ké, kò gbọ̀n. "Ìyàwó, di ẹ̀yìn mi mú."

Ìyàwó tún wo omi yíká lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dì í mú.