Eku Tí Kò Ní Bọ́tìnnì

Afọwọ́mọ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé kí máòsì kọ̀ǹpútà kankan, tí wọ́n tún ń pè ní eku, tó jáde nílé iṣẹ́ wọn, òun ló máa kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ ọ́n. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ibi tí ènìyàn mẹ́ta lè dúró sí lọ, ṣùgbọ́n àwọn pákó ara ògiri rẹ̀ kún fún eku amọ̀: èyí tó yọ iké, èyí tó tẹ́, èyí tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ẹni tí ọrùn ọwọ́ ń ro. Bó bá mọ ọ̀kan tán, á di ojú, á gbé ọwọ́ lé e, á sì jókòó bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ó máa ń sọ pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ohun tó bá dun ọwọ́ rẹ̀, kì í jẹ́ kó dé ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kọ́ ọ ní ìfarabalẹ̀ yẹn. Ọdún mọ́kànlá ló fi ju Afọwọ́mọ lọ. Nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló tọ́ ọ dàgbà, tó ń fi iṣẹ́ àwòrán ilé yíyà bọ́ àwọn méjèèjì. Pẹ́ńsù àti rúlà ni wọ́n ń lò nígbà yẹn. Nígbà tó yá, ó di kọ̀ǹpútà, obìnrin náà sì mọ̀ ọ́n lò ju àwọn ọ̀dọ́ tó lè bí lọ. Kò sí ilé tí kò lè yà: àtẹ̀gùn, fèrèsé, ibi tí omi yóò gbà jáde.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá wọn wọlé bá Afọwọ́mọ. Ó ní àwọn fẹ́ ṣe máòsì tuntun. Kò ní ní bọ́tìnnì, kò sì ní ní kẹ̀kẹ́ kékeré tí ìka ń yí. Ẹ̀yìn rẹ̀ látòkè délẹ̀ ni yóò máa mọ̀ bí ìka bá kàn án. Kàn án pẹ́rẹ́, ó ti ṣí nǹkan. Fi ìka ra á, ojú ìwé ti sáré lọ.

"Mo fẹ́ kó tẹ́ pẹrẹsẹ," Ọ̀gá wí, "kó máa dán bí òkúta inú odò. Kò gbọdọ̀ nípọn ju atàǹpàkò mi lọ."

"Ọ̀gá, ọwọ́ kì í tẹ́ bó bá ń sinmi. Ẹ wò ó." Afọwọ́mọ gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sórí tábìlì. Àárín àtẹ́lẹwọ́ náà gbé sókè bí òrùlé. "Ìsàlẹ̀ ibí yìí ló ń fẹ́ ohun tí yóò gbé e ró."

"Ojú ló ń rajà, Afọwọ́mọ. Ọwọ́ kàn ń tẹ̀lé e ni."

Ó mọ ọ́n. Ó rẹwà, kí n má purọ́. Gbogbo ẹni tó kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà ló fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Wọ́n kó ogún ènìyàn jọ kí wọ́n fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lọ́jọ́ kìíní, ìyìn ló kún ẹnu gbogbo wọn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ọkùnrin kan tó jẹ́ akọ̀wé wá bá Afọwọ́mọ, ó ń fi ọwọ́ kan ra èkejì.

"Ìka mi ò ríbi jókòó," ló wí. "Bí mo bá gbé e lé e, ó ti ṣí ohun tí mi ò ní kó ṣí. Mo wá ń gbé ìka sókè láti àárọ̀ dalẹ́, bí adìẹ tí ilẹ̀ gbóná fún."

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, ènìyàn mẹ́rìnlá nínú ogún ló sọ pé ọwọ́ ń dun àwọn. Afọwọ́mọ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó mú un lọ bá Ọ̀gá. Ọ̀gá kà á, ó tì í padà sí i.

"Ọ̀sẹ̀ kìíní nìkan ni kí o kọ. Àwọn yòókù ò tíì mọ̀ ọ́n lò ni."

Afọwọ́mọ padà sí yàrá rẹ̀, ó kọ ohun tí wọ́n ní kó kọ. Ó tò ó dáadáa pàápàá.

Ọ̀sẹ̀ tí máòsì náà dé ọjà ló lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò tíì jókòó tán tí ìyẹn fi fà á lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Méjì ni obìnrin náà ti rà, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ibi iṣẹ́.

"Wò ó! Eku tí kò ní ìrù, tí kò ní etí, tó sì ń gbọ́ràn!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ti sọ fún gbogbo wọn níbi iṣẹ́ wa pé àbúrò mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n."

Bí Afọwọ́mọ bá ní kó má lò ó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò bi í pé kí ló dé. Ohun tó wá sọ ni, "Àǹtí, ẹ máa sinmi ọwọ́ yín o."

"Ṣé èmi ni wàá kọ́ níṣẹ́?" ni obìnrin náà fèsì.

Oṣù méje kọjá. Afọwọ́mọ ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ìyẹn ń dáhùn pé dáadáa ni. Bó bá ní òun ń bọ̀, á ní iṣẹ́ pọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó lọ láìsọ fún un, ó sì bá a níta ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ti wà nínú ihò, obìnrin náà sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kò lè yí i. Kò mọ ìgbà tí àbúrò rẹ̀ dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Àǹtí, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Ilẹ̀kùn yìí ló ń le." Ó fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́ sábẹ́ ìborùn rẹ̀.

Afọwọ́mọ yí kọ́kọ́rọ́ náà. Kò le rárá. Wọ́n wọlé, ó gba ọwọ́ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹran ìdí atàǹpàkò ti rù. Ó fi èékánná tẹ orí ìka kejì àti ìka kẹta. Obìnrin náà kò fa ọwọ́ padà.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n lára?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mi ò ti mọ nǹkan kan lára wọn mọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Kí n sọ pé ohun tí o ṣe ń pa mí lára?" Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò."

Níbẹ̀ ni Afọwọ́mọ ti jẹ́wọ́. Ó sọ ti ènìyàn mẹ́rìnlá náà fún un, ó sọ ti ìwé tí òun kọ. Kò fi ohun kan pamọ́.

"Lọ́jọ́ tí mo fi hàn ọ́," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, "o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀, mà."

Láti kékeré ló ti ń pè é ní Àǹtí. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tí "mà" yẹn ti wá. Obìnrin náà dìde, ó lọ sí yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Afọwọ́mọ jókòó sí pálọ̀ títí òòrùn fi kúrò lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jáde sí i.

Dókítà ní iṣan kan ló há lọ́rùn ọwọ́, pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wá. Wọ́n la ibẹ̀. Ìrora lọ, ṣùgbọ́n ìka méjì kò sọjí. Ibi iṣẹ́ obìnrin náà dúró dè é fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n fi ẹlòmíràn sórí àga rẹ̀.

Afọwọ́mọ kọ ìwé mìíràn, ó to ọ̀sẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú rẹ̀, ó fi ṣọwọ́ sí gbogbo àwọn tó ju Ọ̀gá lọ. Èsì tó rí ni pé wọ́n fi bébà kékeré kan sínú páálí máòsì náà, tó sọ pé kí ènìyàn máa na ìka lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sì ní kí Afọwọ́mọ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó máa lọ sílé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kó amọ̀ rẹ̀ sínú ike kan, ó jáde.

Ó tó ọdún kan kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó pè é. Kò bá a fa ọ̀rọ̀ gígùn. Ẹnì kan ní kí òun ya ilé ìtọ́jú aláìsàn kékeré kan, òun sì ti ní gbogbo rẹ̀ lórí. Ọwọ́ ni kò sí. Ṣé yóò wá?

Ó wá. Ọjọ́ Sátidé mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é, obìnrin náà ń sọ, òun ń yà. "Ògiri kì í wọ́ bẹ́ẹ̀. Pa á rẹ́. Níbo ni aláìsàn tí wọ́n bá gbé fẹ́ gbà?" Wọn ò sọ ohun mìíràn. Nígbà tó parí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọwọ́ òsì buwọ́ lù ú, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní àwòrán náà dára, ṣùgbọ́n ìbuwọ́lù rẹ̀ kò bá èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn mu.

"Wọn ò purọ́," obìnrin náà wí.

Ó fi ọwọ́ òsì mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ọwọ́ náà lè mọ̀ ọ́n. Afọwọ́mọ fi ìka di bébà náà mú kó má baà yẹ̀. Ìgbà tí orúkọ fi kún ojú kan bébà náà, kò sí méjì tó jọra nínú wọn.

"Yí i sódìkejì," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.