Òwú Orí Gíláàsì

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ń tún fọ́tò àwọn ènìyàn ṣe nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Bí fọ́tò ìyá yín bá ya, tí òjò pa á, tí kòkòrò jẹ imú rẹ̀, èmi ni wọ́n máa gbé e fún ní ṣọ́ọ̀bù wa. Màá fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ dá imú náà padà. Ọ̀gá wa ń pè mí ní Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì, mo sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀, títí di ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí mo fi ọwọ́ ara mi mú àbúrò mi wọ ibẹ̀.

Èmi ni mo bẹ ọ̀gá kó gbà á síṣẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ti ń di fọ́tò mú létí kí ìka má bàa kàn án lójú. Kò pé oṣù mẹ́fà tí àwọn oníbàárà fi sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀. Wọ́n á wọlé, wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀ ńkọ́?" Màá nawọ́ sí ibi tó wà, màá sì rẹ́rìn-ín sí wọn. Ẹ̀rín orí ètè lásán ni.

Mo ń jowú àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kó má di pé ẹ̀ ń wá a káàkiri. Ọmọ ìyá mi ni, kò ṣẹ̀ mí rí, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí jù. Ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lókè orí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í sinmi, ló bá hun aṣọ òtútù kan fún mi. Mo ní àwọ̀ ewé ni mo fẹ́. Kò rí òwú aláwọ̀ ewé rà, ló bá mú òwú yẹ́lò tín-ín-rín àti búlúù tín-ín-rín, ó lọ́ wọn pọ̀, ó fi hun ún. Téèyàn bá wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, àwọ̀ ewé pọ́nbélé ni. Àwa méjèèjì nìkan la mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá rí aṣọ náà lára mi ló ń yìn ín, ṣùgbọ́n ẹni tó hun ún ni wọ́n ń bèèrè, wọn kì í sọ pé ó yẹ mí.

Síkánà wa àtijọ́, ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà, ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Ohunkóhun tó bá wà lórí gíláàsì rẹ̀, ìbáà ṣe irun, ìbáà ṣe eruku, ìlà dúdú ló máa ń sọ ọ́ dà lára fọ́tò. Nígbà tó yá, ó ń fa ìlà dúdú láìsí nǹkan kan lórí rẹ̀. Bí ọ̀gá ṣe wá kórìíra ìlà nìyẹn. Tó bá rí ẹyọ kan ṣoṣo báyìí, á ní kí a gbé fọ́tò náà kúrò níwájú òun.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ó gbé síkánà tuntun méjì wọlé. Ẹni tó ń tà wọ́n ti gbà kí a dán wọn wò títí di ọjọ́ Ẹtì, kí a sì dá èyí tí a kò bá fẹ́ padà. Ọ̀kan pẹlẹbẹ, èèyàn lè há a mọ́ abíyá. Èkejì ki, ó wúwo, ó sì ní okùn iná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀gá gbé pẹlẹbẹ síwájú mi, ó gbé èyí tó ki síwájú àbúrò mi.

"Kálukú yín máa dán tiẹ̀ wò," ó ní. "Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, èmi fúnra mi á wá wò ó. Ẹni tí ẹ̀rọ ẹ̀ bá yege ló máa jókòó sí yàrá iwájú. Òun lá máa bójú tó gbogbo iṣẹ́ síkánà."

Yàrá iwájú yẹn ní fèrèsé tó kọjú sí títì. Ó ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì, àti àga tó ń yí. Pépà ni wọ́n ń kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àìmọye ìgbà ni mo sì ti wọlé lọ mú pépà, tí mo dúró síwájú fèrèsé náà bí ẹni pé mo gbàgbé nǹkan síbẹ̀. Mo fẹ́ yàrá yẹn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Mo ṣe iṣẹ́ mi bó ti yẹ, ẹ má parọ́ mọ́ mi. Ẹ̀rọ tèmi kì í pariwo. Ara kọ̀ǹpútà ló ti ń mu iná. Lẹ́tà ojú ewé kan, kí n tó ka ení dé ẹ̀wá, ó ti parí. Fún ẹni tó fẹ́ da ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kọ nílé, tàbí ọ́fíìsì tó fẹ́ tọ́jú àwọn ìwé rẹ̀, ó tó lò. Ṣùgbọ́n fọ́tò tó bá ká díẹ̀ báyìí, tí kò lẹ̀ mọ́ gíláàsì pẹ́kípẹ́kí, ibi tó ká yẹn á ṣú. Pupa rẹ̀ náà jọ ti aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Mo kọ àwọn tó dára sílẹ̀. Ti pupa àti ti kíká, mo fi sínú.

Lọ́jọ́rú, mo lọ yá gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àbúrò mi. Irọ́ ni, gọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi, ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni mo fẹ́ rí. Fọ́tò ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ pupa ló wà níbẹ̀, pupa yẹn sì pupa débi pé mo ní láti gbé ojú kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo nǹkan," ó ní. "Ẹ wo etí aṣọ yìí. Èèyàn lè ka ibi tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ó máa ń pẹ́ kó tó parí," mo ní.

"Ó ń pẹ́ lóòótọ́, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ó máa ń kọ́kọ́ gbóná ná kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó tún ń pariwo, ó sì gba àyè púpọ̀ lórí tábìlì."

Mo wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Ó fa ìlà sí i láàárín, ohun tó dára lápá kan, ohun tí kò dára lápá kejì. Ti apá kejì gùn. Ta ló ń ṣe irú ìyẹn? Ta ló ń jókòó ka àléébù ọjà tó fẹ́ kí wọ́n rà?

"Tiyín ńkọ́?" ó bi mí.

"Tèmi ò ní àléébù," mo ní, mo sì bá tèmi lọ. Mi ò rántí gọ́ọ̀mù tí mo ní mo wá gbà.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì mọ́, a to ẹ̀rọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní yàrá iwájú. Àbúrò mi mú aṣọ funfun kan, ó nu gíláàsì tirẹ̀. Ó wò ó, ó tún un nù. Lẹ́yìn náà ló lọ bá ọ̀gá gbé fọ́tò tó fẹ́ fi dán wọn wò wá, ó wá ku èmi nìkan.

Mo kàn ní kí n wo inú ẹ̀rọ àbúrò mi ni. Mo ṣí ìdérí rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ dé e padà, ọwọ́ aṣọ òtútù mi kọ́ irin tó di ìdérí mú, mo fà á, òwú bín-ín-tín kan já, ó bọ́ sórí gíláàsì. Kò gùn tó èékánná. Bí mo bá fẹ́ atẹ́gùn sí i lásán, á fò lọ. Mo tiẹ̀ ti ká ẹnu jọ láti fẹ́ ẹ.

Ni mo bá gbójú sókè, mo rí fèrèsé yẹn. Mo rántí ìlà dúdú, mo rántí bí ọ̀gá ṣe máa ń yí ojú padà tó bá rí i. Mo fi ìka gbé òwú náà sí àárín gíláàsì, níbi tí ojú èèyàn máa ń wà nínú fọ́tò, mo dé ìdérí.

Fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí ọ̀gá ni wọ́n gbé dé. Inú álíbọ́ọ̀mù ńlá kan ló wà, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ láti ayébáyé, ọ̀gá kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ṣí i kúrò. Ẹ̀rọ tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Ó yá, kò pariwo. Ìyàwó hàn kedere, ṣùgbọ́n ọkọ ìyàwó tó wà lápá ibi tí ìwé ti ká ti ṣú dé àyà.

"Bàbá mi dà?" ọ̀gá bèèrè.

"Ìwé yẹn ló nípọn jù, ọ̀gá," mo ní.

Ọ̀gá gbé álíbọ́ọ̀mù fún àbúrò mi, ìyẹn da ojú rẹ̀ dé orí gíláàsì, ó rọra fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà gbóná ná, ó kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Fọ́tò ń jáde lójú kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀. Bàbá ọ̀gá jáde pẹ̀lú bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ ní pípé. Ìyá rẹ̀ náà jáde, nǹkan kan sì wà níwájú orí rẹ̀. Mo ti ń retí ìlà dúdú. Kò dúdú.

"Kí nìyẹn?" ọ̀gá ní. "Fẹ̀ ẹ́ lójú."

Àbúrò mi fẹ̀ ẹ́. Ó tún fẹ̀ ẹ́. Òwú tí kò tó èékánná wá gba ojú kọ̀ǹpútà, ó tóbi bí okùn ìfami, yẹ́lò kan, búlúù kan, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn. Síkánà wa àtijọ́ ni mo fi wọn èyí. Mi ò rò ó rí pé ẹ̀rọ kan lè ya àwọ̀ méjì yẹn sọ́tọ̀.

Ọwọ́ àbúrò mi dúró. Kò bojú wo ẹ̀yìn. Mo fi ọwọ́ aṣọ mi pamọ́ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀gá, aṣọ àwọ̀ ewé tí mo ń wọ̀ lójoojúmọ́ náà ni.

"Òwú ni, ọ̀gá," ó ní. "Ẹ má bínú. Èmi ni mi ò nu gíláàsì dáadáa."

Ẹni tó nù ún lẹ́ẹ̀mejì, lójú mi.

Ọ̀gá sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Òwú báyìí, mi ò lè fi ojú lásán rí i. Ẹ̀rọ yìí ń ka àwọ̀ ẹ̀ fún mi." Ó nàró. "Nù ún, kó o tún un ṣe."

Ó tún un ṣe, ó mọ́ tónítóní. Ọ̀gá wo bàbá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kó tó sọ pé kí a dá pẹlẹbẹ padà. Ó wá ní, "Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀, lọ kó ẹrù ẹ wá síbí." Òun náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo bá wọn gbé àga. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé yàrá náà lé e lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bọ́ aṣọ yẹn."

Mo bọ́ ọ. Kò wá ibi tó já rárá, ọwọ́ rẹ̀ kàn lọ síbẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí pépà, ó ń rán an, òtútù ń mú mi.

"Ṣé ó já bọ́ síbẹ̀ ni?" ó bi mí. Kò gbójú sókè.

Mo lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìdajì rẹ̀ á tiẹ̀ jẹ́ òótọ́.

"Ó já bọ́," mo ní. "Èmi ni mo wá gbé e sí ibi tí ojú máa wà."

Ó ń rán aṣọ lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Kí ló dé tẹ́ ò sọ pé ẹ fẹ́ yàrá yẹn?"

"Ṣé ó dìgbà tí mo bá sọ ọ́ ni?"

"Ọdún mẹ́ta nìyí, ẹ ò ṣàròyé rí. Mo rò pé ibí tẹ́ yín lọ́rùn." Ó fi eyín gé òwú. "Mi ò ní gbé e fún yín báyìí o. Èmi náà fẹ́ ẹ."

Ó da aṣọ lé mi léjìká, ó sì padà sí yàrá rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, nígbà tó jáde lọ jẹun, mo wọ yàrá iwájú. Mo bọ́ aṣọ òtútù mi, mo tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí gíláàsì, mo dé ìdérí, mo jẹ́ kó gbóná. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú títí tí kò lè fẹ̀ mọ́. Yẹ́lò àti búlúù, ìlà lórí ìlà. Mo ń wá ibi tó rán. Mo fẹ́ rí i kí n lè sọ fún ara mi pé, ẹ wò ó, kò rán an dáadáa. Ẹ̀rọ tó rí òwú tí kò tó èékánná kò rí ibi tí àbúrò mi fọwọ́ kàn.

Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tó fi dé ẹ̀yìn mi.

"Kí lẹ̀ ń wá?"

"Ibi tó o rán."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wo ojú kọ̀ǹpútà dáadáa. "Èmi náà ò rí i mọ́," ó ní.

Irọ́ ló ń pa, ó mọ ibẹ̀. Ó tún parọ́ nítorí mi lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń di fọ́tò mú létí, inú sì bí mi pé èmi ò lè ṣe irú ẹ̀ fún un. Mo mú aṣọ mi, mo wọ̀ ọ́. Kí n tó jáde, mo mú aṣọ funfun tó wà lórí tábìlì rẹ̀, mo nu gíláàsì náà. Mo wò ó, mo tún un nù.