Ta Ló Bi Róòmù Ṣubú?

Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ti ti gbogbo ilé ìwé ní Lomé pa, ni Tíṣà Ìyàndá bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní pálọ̀ rẹ̀ ní Gbossimé. Sójà kan já wọlé tìbọntìbọn. Ó ka ojú pátákó: Ìdìde àti Ìṣubú Róòmù.

“Kí ló ṣubú?”

“Ìjọba ayé àtijọ́ kan ni, ọ̀gá.”

“Ta ló bì í ṣubú?”

Ìyàndá fúnra rẹ̀ ló kọ́ àwọn ọmọ pé tí ìbéèrè bá ti balẹ̀, gbogbo wọn ni kí wọ́n jùmọ̀ dáhùn.

“Àwọn sójà rẹ̀ ni!” ni gbogbo wọn jùmọ̀ ké.

Ìyàndá dijú. Nígbà tó lajú, sójà náà ti nu pátákó tán.

“Má kọ ọ́ mọ́,” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Mo ti há a sórí.”