Ìṣẹ́jú Kọkàndínlógún

…sá. Mo sá. Èmi! Sá lọ síbo? Orí àga tí káfíńtà tó wá gba ìmọ̀ràn yẹn ti bá mi, orí ẹ̀ náà ló fi mí sílẹ̀ sí. Mi ò dìde. Mi ò fọwọ́ kan fóònù. Mi ò wo aago — ó dáa, mo wo aago lẹ́ẹ̀kan, ojú ò lè ṣe kó má wo nǹkan tó wà níwájú ẹ̀. Ìyẹn ló wá di pé kí èèyàn mú bírò pupa, kó kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mi: "Ìṣẹ́jú kọkàndínlógún. Ẹ sá níbí."

Ó tún wá fi "ẹ" sí i. Ká ní "o sá" ló kọ, ǹ bá rí nǹkan dì mú, ǹ bá ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi bú mi.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi jù ú lọ o. Mẹ́jọ! Òun sì ni alábòójútó tí ilé ẹ̀kọ́ fún mi. Òun ló máa buwọ́ lu ẹgbẹ̀ta wákàtí tí mo gbọ́dọ̀ fi jókòó ti àwọn tí ọkàn wọn dàrú, kí n tó gba dìgírì kejì nínú iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn yìí. Bí kò bá buwọ́ lù ú… Ọjọ́ tó gbọ́ pé Ìyá Bírò Pupa ni mò ń pè é, ńṣe ni inú ẹ̀ dùn. Inú ẹ̀ dùn! Irú èèyàn wo nìyẹn? Lánàá, kò tiẹ̀ gbóhùn sókè: "Ẹ lọ tún ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ gbọ́, mà. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ibi tẹ́nì kankan ò bá ti sọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ pé ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀."

Bí ọmọ aláìgbọràn tí wọ́n ní kó lọ kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Èmi tí mo fi ogún ọdún kọ́ ọmọ aláìgbọràn.

Mo ti wà níbí láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nínú yàrá tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ: tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, páálí bébà ìnujú tẹ́nì kan ti fà tán tí kò sì dà nù. Ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bo etí mi méjèèjì. Káfíńtà ló ń sọ̀rọ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló gbà ká gba ohùn òun sílẹ̀. "Láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti kú, ọwọ́ mi ò gún lórí ayùn mọ́. Mo gé ẹsẹ̀ àga mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò dọ́gba." Mo ń gbọ́ ara mi, mò ń ṣe "ẹn-ẹn", "mò ń gbọ́ yín, sà". Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló burú níbẹ̀? Mò ń kọ ọ́.

Nílé wa, bí tọkọtaya bá ń jà, èmi ni wọ́n ń pè. Nílé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà, ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi ni àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń sunkún. "Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ máa ń tuni lára," gbogbo wọn ló ń wí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀, àǹtí mi pariwo: "Wèrè lo wá fẹ́ máa wò lẹ́yìn ogójì ọdún?" Mo fara dà á. Mo fara da ìwé tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Kí ẹnì kan wá jókòó sí ọ́fíìsì, kó ní mo…

Ìṣẹ́jú kejìdínlógún. Káfíńtà ń rẹ́rìn-ín. "Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, obìnrin yẹn." Lẹ́yìn náà — mo kọ ọ́ — ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà:

"Mo bínú sí i."

Èmi nìyẹn, wàrà-wàrà: "Ha, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ìyàwó yín ò fẹ́ dà yín láàmú ni."

Kí ló wá burú? Òkú ni. Ta ló ń bínú sí òkú? Ìtùnú ni mo sọ. Àbí kí n ní "ẹ kú ìbínú"?

Mo dá a padà. "Mo bínú sí i." "Ha, ẹ má —"

Nǹkan kan wà lábẹ́ ohùn mi.

Mo tún dá a padà. Mo yí i sókè. Káfíńtà ò dákẹ́. Lọ́jọ́ yẹn ǹ bá búra pé ó dákẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ ní tiẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé wọn ò gbọ́ òun: "Oṣù mẹ́rin ló fi mọ̀ pé àìsàn ń ṣe òun. Kò sọ fún mi."

Kò sọ fún un.

Dúró ná. Bí mi ò bá gbọ́ ìyẹn — tí mi ò sì gbọ́ ọ, tòótọ́ tòótọ́ — ta ló wá sọ fún mi pé ìyàwó ẹ̀ ò fẹ́ dà á láàmú? Kò tíì sọ pé obìnrin náà fi nǹkan kan pa mọ́. Níbo ni mo ti mú un jáde? Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi. Mo mọ ẹnu tó ti jáde. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, lẹ́bàá sàréè màámi, ó di apá mi mú: "Màámi ò fẹ́ dà ọ́ láàmú ni. Wọ́n ní ká jẹ́ kó o ṣe ìdánwò ẹ tán."

Ìdánwò! Ìdánwò lórí bí a ṣe ń gbọ́ ohun téèyàn ò sọ. Èmi ni mo gba máàkì tó ga jù.

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé àìsàn màámi ti le. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀, nọ́ọ̀sì mọ̀, obìnrin tó ń bá wọn fọṣọ mọ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń pe màámi lórí fóònù. "Ara mi le, ọmọ mi. Ìwé ńkọ́?" Ohùn wọn ń kéré sí i, mo sì ń gbọ́ pé ó ń kéré, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì! Mi ò bá wọn láyé. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń lọ láti orí àga kan sí òmíràn, mò ń tu àwọn tó wá kí wa nínú, mò ń sọ pé abiyamọ tòótọ́ ni wọ́n.

Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tí mi ò bínú sí. Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àǹtí mi. Obìnrin yìí àti bírò ẹ̀. Àfi ẹnì kan ṣoṣo —

Rárá. A kì í sọ ọ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi lóyún mi… mo mọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní ìdánwò ni mo máa yàn? Ẹ ò tiẹ̀ bi mí. Kí n jókòó tì yín ni mo fẹ́. Kí n fi aṣọ tútù nù yín lójú. Kí ẹ kérora kí n gbọ́. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ wá pè é ní ìfẹ́.

Wọ́n ń kanlẹ̀kùn. Ó ti kan ẹlòmíì láti lo yàrá. Mo yọ ẹ̀rọ kúrò létí, mo la ẹnu, ohùn tó jáde kéré, kò jọ ti tíṣà, kò jọ ti ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn:

"Ẹ ṣẹ̀ mí, màámi."

Mo sọ ọ́. Àjà ò wó lé mi.