Ọjọ́ Tí Nǹkan Kì í Jáde Láàfin

Ilé àkójọ ohun àtijọ́ kan ní Jámánì kọ lẹ́tà sí ààfin Njimeh ní Kamẹrúùnù. Káàdì àkọsílẹ̀ wọn sọ pé lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún, 1905, Fon, ọba Njimeh nígbà náà, fi ère ìyá rẹ̀ ta ọ̀gágun Jámánì kan lọ́rẹ. Ẹ̀bùn kì í padà sẹ́yìn. Bí ààfin kò bá mú ẹ̀rí mìíràn wá láàárín oṣù mẹ́ta, ọ̀rọ̀ parí.

Funkuin, akọ̀wé ààfin, kò bá wọn jiyàn. Ó mú bírò, ó ń ka ọjọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ni ọ̀sẹ̀ ní Njimeh, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìsinmi: Fon kì í rí àlejò, abẹ́rẹ́ kì í gba ẹnu ọ̀nà ààfin jáde. Ó kà láti ìsinmi tó kọjá sẹ́yìn dé ọjọ́ inú káàdì. Ọjọ́ ọjà ló bọ́ sí, kì í ṣe ìsinmi. Ó tún un kà, ọjọ́ ọjà náà ni.

Bobe Ndim, àgbà tó ń ṣọ́ yàrá ère, rẹ́rìn-ín.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ìsinmi òní ni ìsinmi àná? Mo wà lọ́mọdé nígbà tí Fon sún un, torí ọjà tiwa àti ti ará ìsàlẹ̀ odò ń kọlura."

"Bobe, ẹ ò sì sọ fún mi."

"O ò bi mí. Bírò lo bi."

Funkuin nílò ìsinmi kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ kí Fon tó sún un. Ta ni ì bá kọ ọ́, bí kò ṣe ẹni tí ìsinmi náà ń bí nínú? Ó rin wákàtí mẹ́rin dé ṣọ́ọ̀ṣì tó pẹ́ jù lágbègbè náà, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta tú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún, 1913, oníwàásù kan ráhùn pé àga lásán ni òun wàásù fún, nítorí ìsinmi àwọn kèfèrí bọ́ sí ọjọ́ Sọ́ńdè.

Láti ọjọ́ inú káàdì dé ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ 2,912. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ 364, kò ṣẹ́ ku ọjọ́ kan. Ìsinmi ni ọjọ́ inú káàdì náà.

Lẹ́tà rẹ̀ sí ilé àkójọ náà kò ju ojú ewé kan lọ. Wọ́n fèsì pé àwọn yóò pa "ẹ̀bùn" rẹ́, àwọn yóò kọ "a kò mọ bó ṣe débí." Bobe Ndim ní ó tó bẹ́ẹ̀.

"Kò tó, Bobe. Ẹ̀yin mọ̀, èmi mọ̀. Kí la ò mọ̀ níbẹ̀?"

Ó fi ìṣirò náà ránṣẹ́ padà, ó sì fi ìbéèrè kan kún un: lọ́jọ́ tí ọmọ Njimeh kankan kò lè gbé e jáde, ta ló gbé e?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù mẹ́ta náà, èsì dé. Wọ́n ti kọ "a fi ipá gbé e" sórí káàdì. Wọ́n ń béèrè orúkọ àwọn tí yóò wá gbà á.

Funkuin kọ méjì: ti Bobe Ndim, àti tirẹ̀.